Ojú Ọjọ́ àti Èéfín Ìlú Ńlá

Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, mo rò pé òwe náà kò ju ìkìlọ̀ fún ìkà ènìyàn lọ. Mo ti di olùkọ́, mo sì ti ń gba owó oṣù, kí n tó mọ̀ pé òtítọ́ mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀: kì í ṣe ẹni tí ó da eérú nìkan ni eérú ń tọ̀. Nígbà mìíràn, ọmọ ọlọ́mọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni ó ń bá. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ò ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò ìwé mẹ́wàá, fara balẹ̀ kí o gbọ́ bí mo ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé díẹ̀ ni ó kù kí n fi ẹ̀mí ọmọ kan san owó rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1996, mo ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú Ìbàdàn. Èmi ni olùkọ́ tí ń bójú tó ìmọ́tótó ọgbà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti ìsinmi ọdún Kérésìmesì ni, ewé gbígbẹ sì ti bo gbogbo ilẹ̀. Mo ní kí àwọn ọmọ gbá a jọ. Wọ́n gbá a pọ̀ mọ́ bébà, ọ̀rá àti ike tí ó ti fọ́, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ jọ bí òkìtì sí ẹ̀yìn kíláàsì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí aago méje tó lù, mo ṣáná sí i. Èrò mi ni pé yóò ti jó tán kí àwọn ọmọ tó kọrin òwúrọ̀ tán. Ọyẹ́ mú gan-an ní ọjọ́ náà. Ètè gbogbo wa ti bó, àwọn ọmọ ń gbọ̀n nínú ṣẹ́ẹ̀tì wọn, ewé kan kò sì mì lórí igi.

Èéfín náà kò ròkè lọ bí mo ti rò. Ó ga dé ibi tí ó fi díẹ̀ ju òrùlé lọ, ó dúró, ó sì tẹ́ bí ẹni tẹ́ ẹní. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sọ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi gba ojú fèrèsé wọ inú kíláàsì, tí àwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ nu ojú.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì kẹta tí ó ní ikọ́ fée, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ásímà. Mo mọ̀ pé ó ní àìsàn yìí, nítorí pé ìyá rẹ̀ ti wá sọ fún wa ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ mú un wá. Nígbà tí wọ́n sáré wá pè mí, ọmọ náà ti fi ọwọ́ méjèèjì di tábìlì mú. Èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, mímí rẹ̀ ń dún bí fèrè, kò sì lè sọ ọ̀rọ̀ kan jáde. Mo gbé e sí ẹ̀yìn, mo sáré dé títì, mo dá takisí dúró, ó di ilé ìwòsàn. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n sì fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sí i nímú. Nígbà tí ó fi di ọ̀sán, ó ti ń mí dáadáa. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ọjà ni ìyá rẹ̀ ti sáré wá. Elùbọ́ ni ó ń tà. Funfun rẹ̀ ṣì wà lára ìró rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, tíṣà. Ẹ kò níí fi ọmọ sunkún o. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ni ó dáná sun pàǹtí ní irú òwúrọ̀ báyìí?”

Mo wo ilẹ̀. Mo ní, “Ìyá, èmi ni.”

Kò bínú, kò pariwo. Ó kàn wò mí títí, ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé?”

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn ní òru ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà tí kò yé mi. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tí ó ṣáájú, mo ti sun irú pàǹtí bẹ́ẹ̀ ní ibi kan náà. Aago méjì ọ̀sán ni nígbà náà, òjò ti dáwọ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan, oòrùn ń ràn, atẹ́gùn sì ń fẹ́. Èéfín ọjọ́ náà lọ sókè tààrà títí ojú wa kò fi rí i mọ́. Ọmọ yìí wà nínú kíláàsì kan náà, kò sì húkọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Iná kan náà, ọwọ́ kan náà, ibì kan náà. Kí ni ó yàtọ̀? Ojú ọjọ́ ni.

Mo tọ ẹlẹgbẹ́ mi kan tí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì lọ. Ó ní kí n rántí ìkòkò tí ó wà lórí iná. Bí a bá ṣí ìkòkò náà sílẹ̀, oruku rẹ̀ yóò máa lọ sókè. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọmọrí dé e, inú ìkòkò ni oruku náà yóò máa yí sí. Ó ní òfurufú náà ní ọmọrí tirẹ̀. Ọjọ́ mìíràn a ṣí i, ọjọ́ mìíràn a dé e.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ bí ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ní ọ̀sán, oòrùn a máa mú ilẹ̀ gbóná, ilẹ̀ náà a sì mú afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí rẹ̀ gbóná. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, nítorí náà òkè ni ó ń lọ, ó sì ń gbé èéfín lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Bí a ti ń lọ sókè ni òtútù ń pọ̀ sí i. Bí a bá gòkè ní 1,000 mítà, ìwọ̀n ooru a máa fi nǹkan bíi díígírì Celsius 6 tàbí 7 dín kù. Níwọ̀n ìgbà tí èéfín bá ṣì gbóná ju afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká lọ, yóò máa gòkè, yóò máa fọ́n ká, títí yóò fi di ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn mọ́. Ìkòkò tí a ṣí sílẹ̀ nìyẹn.

Òru ọyẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọsánmà kì í sí lójú ọ̀run tí yóò ṣe aṣọ ìbora fún ilẹ̀, nítorí náà gbogbo ooru tí ilẹ̀ gbà ní ọ̀sán a máa bọ́ lọ. Ilẹ̀ a tutù, afẹ́fẹ́ tí ó fara kan ilẹ̀ náà a tutù, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè rẹ̀ a ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nǹkan ti yí padà: òtútù wà nísàlẹ̀, ooru wà lókè. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, kò sì lè gòkè. Bí èéfín bá gbéra, yóò dé ibi tí afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́rọ́ yẹn wà, kò níí fúyẹ́ jù ú lọ mọ́, ibẹ̀ ni yóò sì dúró sí. Afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́rọ́ yẹn ni ọmọrí. Ó lè má ṣí títí oòrùn yóò fi mú ilẹ̀ gbóná dáadáa, bóyá ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí èéfín mi ti aago méje kò fi rí ọ̀nà lọ, tí ti aago méjì ọ̀sán sì rí i.

Ní ìlú olókè bí Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ tútù a máa ṣàn lọ sí àfonífojì bí omi. Gun òkè Mápó ní òwúrọ̀ kùtù nígbà ọyẹ́ kí o wo ìsàlẹ̀. Ìwọ yóò rí i bí èéfín ààrò, èéfín ọkọ̀ àti èéfín ààtàn ṣe tẹ́ rẹrẹ sáàárín àwọn òkè, tí òrùlé páànù a sì máa yọrí díẹ̀díẹ̀ láàárín rẹ̀.

Ọyẹ́ kò sì dé lọ́wọ́ òfo. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ti ń bọ̀, eruku ni ó sì rù. Púpọ̀ nínú eruku yìí ń wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ibi tí adágún omi ńlá kan ti wà láyé àtijọ́ kí ó tó gbẹ. Ó lé ní 1,500 kìlómítà láti ibẹ̀ dé Ìbàdàn, síbẹ̀ atẹ́gùn ń gbé eruku náà dé orí àwo oúnjẹ wa. Ní ọdún tí ó bá pọ̀, ọkọ̀ òfurufú kì í lè gbéra nítorí pé awakọ̀ kò rí iwájú. Nítorí náà, nígbà ọyẹ́, ohun mẹ́ta ni ó ń pàdé pọ̀ lórí wa: eruku tí ó wá láti ọ̀nà jíjìn, èéfín tí a fi ọwọ́ ara wa dá, àti ọmọrí tí ó dé méjèèjì mọ́lẹ̀. Òjò tí ì bá fọ̀ wọ́n lọ kò sì sí.

Òjò náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá rọ̀, a máa fa eruku àti èéfín wálẹ̀ láti inú òfurufú. Ìwọ náà ti rí i bí òkè tí ó jìnnà ṣe máa ń hàn kedere lẹ́yìn òjò ńlá. Ṣùgbọ́n má ṣe gbàgbé pé ohun tí òjò fọ̀ kúrò lójú ọ̀run, orí òrùlé, inú odò àti inú kànga ni ó ń dà á sí.

Atẹ́gùn ni ẹnì kẹta. Ní Èkó, ilẹ̀ a máa gbóná ju òkun lọ ní ọ̀sán. Afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ a gòkè, afẹ́fẹ́ orí òkun a sì fẹ́ wọlé láti wá rọ́pò rẹ̀. Atẹ́gùn òkun yìí a máa gbá èéfín danfo àti ti ilé-iṣẹ́ kúrò ní etí òkun. Bí ilẹ̀ bá ṣú, atẹ́gùn náà a rọlẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni iná mànàmáná a lọ, tí ilé kọ̀ọ̀kan a sì tan jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Nítorí náà, èéfín alẹ́ kì í rìn jìnnà. Láti ẹ̀yìnkùlé kan sí yàrá ẹni kejì ni. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn kì í pa èéfín run, ńṣe ni ó ń kó o lọ fún ẹlòmíràn. Nígbà tí ààtàn ńlá Olúsósùn ní Òjọ́ta, Èkó, gbiná ní oṣù kẹta ọdún 2018, ibi tí atẹ́gùn bá kọjú sí ni ìyà ń lọ.

Bóyá ìwọ yóò sọ pé èéfín lásán kò lè pa ènìyàn púpọ̀. Jẹ́ kí n sọ ti Lọ́ńdọ̀nù fún ọ. Láti ọjọ́ karùn-ún títí di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejìlá ọdún 1952, òtútù mú níbẹ̀, atẹ́gùn kò fẹ́, kùrukùru sì bolẹ̀. Bí òtútù ti ń pọ̀ sí i ni àwọn ará ìlú ń da èédú sínú ààrò ilé wọn sí i, àwọn ilé-iṣẹ́ náà sì ń jó tiwọn. Ọmọrí kan náà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó dé ìlú náà mọ́lẹ̀. Èéfín pọ̀ mọ́ kùrukùru, ọ̀sán di òru, bọ́ọ̀sì kò lè rìn mọ́. Ìṣirò àkọ́kọ́ sọ pé nǹkan bí 4,000 ènìyàn ni ó kú. Àwọn onímọ̀ tí ó tún un ṣírò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún sọ pé ó lè tó 12,000. Nígbà tí atẹ́gùn fẹ́, gbogbo rẹ̀ tú ká bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí.

Má sì ṣe rò pé òtútù nìkan ni ó lè fa irú èyí. Ní Los Angeles ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, oòrùn ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1943, ohun kan tí ó dà bíi kùrukùru bo ìlú náà, ojú ń ta gbogbo ènìyàn. Ìgbà ogun ni, àwọn kan tilẹ̀ rò pé ọ̀tá ni ó da májèlé sí afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni a tó mọ̀ pé èéfín mọ́tò àti ti ilé-iṣẹ́ epo ni oòrùn ń sè bí ọbẹ̀ títí ó fi di oró mìíràn. Òkè yí ìlú náà ká, afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́rọ́ sì dé e lórí.

Ohun tí ó léwu jù nínú èéfín ni èyí tí ojú kò rí. Àwọn hóró kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè to bí 25 nínú wọn kọjá lórí ìbú irun orí kan ṣoṣo. Imú kò lè sẹ́ wọn. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń lọ tààrà, òmíràn a sì wọnú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á sílẹ̀ pé nínú afẹ́fẹ́ tí ó kún àpótí kan tí ó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀ àti mítà kan ní gíga, kò yẹ kí irú hóró bẹ́ẹ̀ ju máíkírógíráàmù 15 lọ láàárín ọjọ́ kan. Máíkírógíráàmù kan ni ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan gíráàmù. Ẹ ò rí i pé ohun kékeré kì í ṣe ohun àfojúdi?

Nígbà tí mo gbọ́ gbogbo àlàyé yìí lẹ́nu ẹlẹgbẹ́ mi, inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo rí ibi tí mo lè gbé ẹ̀bi mi sí. Mo ní, “Nígbà náà, ọyẹ́ ni ó fẹ́ pa ọmọ náà, kì í ṣe èmi.” Ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bí kò bá sí ohun tí ń hó nínú ìkòkò, kí ni ọmọrí fẹ́ dé mọ́lẹ̀?”

Ìdáhùn rẹ̀ ni kókó àròkọ yìí, mo sì fẹ́ kí o mú un dání. Ojú ọjọ́ kì í dá èéfín. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń yan ibi tí èéfín yóò gbé. Ọwọ́ wa ni ó ń dá a. Wo Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ọdún 1956, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin tí ó dín èéfín èédú kù nínú ilé àti ilé-iṣẹ́. Òtútù kò kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ tí atẹ́gùn kì í fẹ́ ṣì ń wá. Èéfín èédú ni ó dín kù, irú ikú 1952 kò sì tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ mọ́. A kò lè pàṣẹ fún ọyẹ́, ṣùgbọ́n a lè pàṣẹ fún ìṣáná tí ó wà lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà, kọ́ bí a ti ń ka ojú ọjọ́ bí o ti ń ka ìwé. Bí o bá jí ní òwúrọ̀ tí òtútù mú, tí ewé kò mì, tí èéfín ààrò aládùúgbò sì tẹ́ dípò kí ó gòkè, mọ̀ pé ọmọrí ti dé. Ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ tí a ń tan jẹnẹrétọ̀ sí abẹ́ fèrèsé. Kì í ṣe ọjọ́ tí ọlọ́kọ̀ ń fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́ ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée níláti mú oògùn rẹ̀ dání, kí ó sì dúró nínú ilé títí oòrùn yóò fi mú. Ní ti sísun ọ̀rá àti ike, kò sí ọjọ́ tí ó dára fún un, ìbáà jẹ́ ọ̀sán, ìbáà jẹ́ òru. Bí o bá sì rí ẹni tí ń ṣe é, má ṣe dákẹ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò níí jẹ́ kí a sùn lóru.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, èmi àti àwọn ọmọ gbẹ́ kòtò kan sí ẹ̀yìn oko ilé-ẹ̀kọ́. Inú rẹ̀ ni a ń da ewé sí kí ó jẹrà, a sì ń fi í ṣe ajílẹ̀ fún àgbàdo wa. Ọ̀rá àti ike, àwọn akólẹ̀ ni a ń kó wọn fún. Láti ìgbà náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò tún ṣáná sí pàǹtí mọ́. Ọmọ náà parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì dàgbà. Ìyá rẹ̀ wá síbi ayẹyẹ ìdágbére kíláàsì wọn. Mo mú un lọ wo kòtò náà. Ó yọ́jú sí i, ó mi orí, ó ní, “Èyí dára, tíṣà.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó tó fún mi.

Láìpẹ́ ìwọ náà yóò gba ìwé ẹ̀rí rẹ, àwọn ènìyàn yóò sì máa pè ọ́ ní ẹni tí ó mọ̀wé. Mo gbàdúrà pé kí o yege. Ṣùgbọ́n kí o tó ṣáná ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, gbé ojú sókè wo òfurufú, kí ìyá ọlọ́mọ kan má baà bi ìwọ náà ní ìbéèrè tí ó bi mí.